Bàbá Tó Ń Bomi Rin Igi Oníke

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn tí a sin bàbá àgbà mi ni lẹ́tà dé láti ilé ìtajà ńlá kan ní ìhà gúúsù Ṣìkágò, nítòsí Flossmoor. Wọ́n kí wa kú ọ̀fọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kí a fi àwòrán bàbá kan ránṣẹ́, bó bá ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó ti wọ aṣọ ìbílẹ̀, kí àwọn lè gbé e kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní Àgbàlá Áfíríkà. Wọ́n ní kí èmi, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó kàwé lórí ilé yíyà, kọ gbólóhùn mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀ pé òun ló ya gbọ̀ngàn náà, kí n sì buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda tó wà nínú àpò lẹ́tà.

Mi ò tíì buwọ́ lù ú. Ilé ìtajà yẹn ni oníbàárà tó tóbi jù ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá mi sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló ń dá mi dúró. Ó ní, “Nǹkan kékeré ni. Iyì ni fún bàbá yín.” Bó ṣe ń sọ ọ́, mo rò pé ìbẹ̀rù ló mú mi, àfìgbà tí mo délé tí mo rí i pé ìbínú ni.

Ẹ̀yin ẹbí àti ará tí ẹ ó ka ìwé yìí níbi àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀, ẹ forí jì mí. Lọ́jọ́ náà, ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Ó bá ọmọ rẹ̀ jà, ó bá lanlọ́ọ̀dù jà, ó bá àwọn àgbà mọ́sálásí jà, ó sì fi ọjọ́ mẹ́sàn-án bá igi oníke jà. Ẹni jẹ́jẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n.

Orúkọ rẹ̀ ni Rájí Àjàní. Ìwó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì ti ṣe iṣẹ́ bíríkìlà títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí ìyá àgbà kú, bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí, lọ mú un wá sọ́dọ̀ wa ní Rogers Park, àdúgbò kan ní ìhà àríwá Ṣìkágò. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Gbogbo wa rò pé á máa kírun, á máa wo tẹlifíṣàn, á máa sinmi. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ògiri sọ̀rọ̀.

Mi ò bù mọ́ ọn. Bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù kankan, kó tó wo ọjà, á fi ìka kan ògiri náà, kó, kó, kó, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, á sì bi í pé, “Níbo ni wọ́n ti gbé ọ wá?” Bí ògiri náà bá dún bíi páálí, á kẹ́yìn sí i. Bó bá dún bí ohun tó ní ikùn, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára bí ìgbà tí èèyàn ń pa ẹṣin lára. Ojú máa ń tì mí. Mo wà ní ọjọ́ orí tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má wò mí, àwọn tó ń tajà á sì dá iṣẹ́ dúró, wọ́n á máa wò wá. Lọ́jọ́ kan, nínú ilé ìtajà aṣọ kan tí kò ní fèrèsé rárá, ó dúró láàárín àwọn kóòtù, ó ní òun fẹ́ jáde.

Mo ní, “Bàbá àgbà, a ò tíì ra nǹkan kan.”

“Àbẹ̀kẹ́, ṣé òjò ń rọ̀ níta?”

“Mi ò mọ̀, sà.”

“Ṣé oòrùn ṣì wà lókè?”

“Mi ò mọ̀.”

Ó ní, “Èmi náà ò mọ̀. Ẹni tó kọ́ ibí ni ò fẹ́ ká mọ̀.”

Ìjà òun àti bàbá mi, orí bíríkì ló máa ń wà. Bí wọ́n bá ń wó ilé àtijọ́ ní àdúgbò wa, bàbá àgbà á mú kẹ̀kẹ́ ìrajà, á lọ ṣa bíríkì. Bíríkì àtijọ́ Ṣìkágò kì í pọ́n dán bíi ti àwọn ilé tuntun. Ó máa ń rí ràkọ̀ràkọ̀, ìyeyè díẹ̀, pupa díẹ̀, ó dúdú níbi tí iná ti jó o jù. Òun náà ló ń gbé wọn gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta, ó ń tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ó ń nu wọ́n. Ó ń fi omi àlùwàlá tó ṣẹ́ kù nínú kẹ́tù rẹ̀ fọ̀ wọ́n, torí kì í da omi yẹn nù láé. Bí kò bá fi fọ bíríkì, á fi bomi rin òdòdó màmá mi.

Bàbá mi á ti ibi iṣẹ́ dé, ṣíftì á ti tán an lókun, á rí òkìtì bíríkì náà, á pariwo. “Bàbá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí á já! Lanlọ́ọ̀dù ti kọ̀wé!”

“Lanlọ́ọ̀dù tó ń kọ̀wé, ṣé ó mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé rẹ̀?”

“Amẹ́ríkà lèyí o, Bàbá. Wọ́n á lé wa síta.”

“Kí wọ́n lé wa. A ní bíríkì.”

Lanlọ́ọ̀dù náà, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ Pólándì, wá fúnra rẹ̀. Èmi ni mo ń ṣe ògbufọ̀. Ó ti la ẹnu láti bú wa kó tó rí bíríkì náà. Ó mú ọ̀kan, ó yí i padà, ó ní inú amọ̀ ẹ̀gbẹ́ odò ìlú yìí ni bàbá òun ti ń mọ irú rẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Nígbà tó máa lọ, ohun tó sọ kò ju pé kí a kó wọn sọ̀ kalẹ̀ sínú àgbàlá ìsàlẹ̀, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ má bàa já. Bàbá àgbà yíjú sí bàbá mi, ó ní, “Ṣé o rí i? Bíríkì náà ní ẹbí níbí.”

Ìjà mọ́sálásí ló le jù. Obìnrin Kúbà kan wà ní àdúgbò wa, Karidá lorúkọ rẹ̀, olórìṣà ni, ewé àti àbẹ́là ló ń tà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣókùnkùn, wọ́n ti fi pákó dí fèrèsé iwájú, ewé inú rẹ̀ ti gbẹ bíi tábà. Bàbá àgbà wọlé, ó kan ògiri, ó bi í ní ìbéèrè rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n àwọn òbí àgbà rẹ̀, ìran Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, ti fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ sẹ́nu ìdílé wọn. Ó nàka sí ohun tó ń tà, ó ní, “Ewé.” Bàbá àgbà ní, “Ewé!” Ó nàka sókè, ó ní, “Ilé.” Bàbá àgbà ní, “Ilé!” Àwọn méjèèjì wá ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Oṣù méjì gbáko ló fi bá a tún ṣọ́ọ̀bù náà ṣe. Ó ṣí fèrèsé. Ó fi bíríkì àtijọ́ mọ ibi ìgbin-nǹkan sábẹ́ fèrèsé náà, ó kó iyẹ̀pẹ̀ sí i, ewé tútù ń hù níbi tí òkú ewé ti ń gbẹ. Àwọn èèyàn tí kì í dúró tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Àlájì Àlàbí, ọ̀kan nínú àwọn àgbà mọ́sálásí, dúró láàárín èrò. “Bàbá Rájí, a gbọ́ pé ẹ ń bá abọ̀rìṣà kọ́ ṣọ́ọ̀bù.”

“Mo ti kọ́ ọ tán.”

“Ẹ̀yin àgbà mùsùlùmí!”

Bàbá àgbà ń wọ bàtà rẹ̀ lọ. “Àlàbí, ta ló dá ewé?”

“Ọlọ́run ni.”

“Ta ló dá oòrùn?”

“Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n…”

“Àwọn méjèèjì yẹn ni mo kó wọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà. Ohun tó bá kù níbẹ̀, ẹ lọ bi òun.”

Mo ń sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo mú lọ síwájú ọ̀gá mi. Lọ́dún 1985, mo jáde yunifásítì, mo rí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ilé kan láàárín ìlú. Ẹni tó ni ilé ìtajà yẹn wá, ó ní òun fẹ́ fi apá tuntun kún un, apá kan tí àwọn èèyàn á ti rí igi, tí wọ́n á ti rí àṣà, kí wọ́n lè pẹ́ níbẹ̀. Mo gbọ́, mo sì ṣakọ. Mo ní bàbá àgbà mi mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò bi ara mi bóyá wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tó máa sọ.

Èmi àti òun wọ tíréènì lọ wo ilẹ̀ náà. Ilé búrẹ́dì kan tí wọ́n ti pa tì wà níbẹ̀, bíríkì ràkọ̀ràkọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Igi óòkù kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi àti bàbá àgbà ò lè gbá a mọ́ra tán, ọ̀kẹ́rẹ́ kún orí rẹ̀. Bàbá àgbà jókòó sábẹ́ igi náà, ó fi pẹ́ńsù ya ohun tó ní lọ́kàn sórí ìwé mi. Ó ní kí àwọn ṣọ́ọ̀bù jókòó yí igi náà ká, kí wọ́n kọjú sí i, bí yàrá ṣe máa ń yí àkọ́dì ká nínú ilé àtijọ́ ní Ìwó. Kí wọ́n bo ibi tí èèyàn ń rìn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má bo àárín, kí òjò àti yìnyín lè wọlé. Kí wọ́n fi bíríkì ilé búrẹ́dì náà mọ ògiri.

Ẹni tó ni ilé ìtajà wo ìwé náà, ó ní, “Ó dára. Ṣùgbọ́n Áfíríkà dà níbẹ̀?”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá àgbà ní, “Sọ fún un pé bí wọ́n ṣe máa jókòó yí igi ká yẹn ni mo gbé wá láti ilé. Igi, tiwọn ni. Bíríkì, tiwọn ni.”

Ọkùnrin náà ní, “Kò sí ahéré? Kò sí erin?”

“Àbẹ̀kẹ́, bi í pé níbo ló ti rí èmi àti erin. Inú sinimá lèmi náà ti rí i.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n gba ìwé náà. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù yí àárín ká lóòótọ́, ìyẹn ni wọ́n mú. Wọ́n gé igi óòkù, kí ọkọ̀ lè rí ibi dúró sí. Wọ́n fi tírélà kó bíríkì ilé búrẹ́dì lọ. Wọ́n bo òkè pa. Láàárín gangan, níbi tó ní kí òjò máa rọ̀ sí, wọ́n gbé ahéré oníkoríko kalẹ̀, àti igi ọ̀pẹ mẹ́rin, oníke.

Èmi ni mo kọ ìwé tí wọ́n fi ra àwọn ọ̀pẹ náà. Ọ̀gá mi pè é fún mi, mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti tún ọ̀rọ̀ náà tò nínú orí mi nígbà tí mo ń kọ “mẹ́rin”. Ẹni tuntun ni mí níbi iṣẹ́, ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á dá mi dúró, mo sì ń sọ fún ara mi pé bí mi ò bá kọ ọ́, ẹlòmíràn á kọ ọ́. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn, síbẹ̀ kò wúlò fún mi nísinsìnyí. Mi ò sọ fún bàbá àgbà. Mo jẹ́ kó wọ agbádá rẹ̀ wá síbi ayẹyẹ ìṣílé gbọ̀ngàn náà.

Ó rìn tọ ọ̀pẹ àkọ́kọ́ lọ. Ó kàn án, kó, kó, kó. Ó fọwọ́ pa ewé rẹ̀, ó gbóòórùn ìka ara rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì, àràárọ̀ ló ń mú kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀, kẹ́tù tánganran aláwọ̀ ewé tó gbé wá láti Ìwó, ó ń jáde. A rò pé mọ́sálásí ló ń lọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n tẹ ọ́fíìsì wa láago, ọ̀gá mi sì ní kí n lọ mú bàbá àgbà mi kúrò nínú ilé ìtajà oníbàárà òun.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀, èrò ti pé jọ. Bàbá àgbà ti ṣe àlùwàlá nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, ó ti kírun ọ̀sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré, ó wá ń gbé kẹ́tù láti orí ọ̀pẹ kan sí òmíràn, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fún aláìsàn lóògùn. Omi ń ṣàn sórí táìlì ilẹ̀. Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ń bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Àbí igi gidi ni?” Ẹni tó ni ilé ìtajà ti pọ́n bí ata.

“Sọ fún un pé ike ni!”

Mo ní, “Bàbá àgbà, wọ́n ní ike ni.”

“Bi í pé kí ló kọ sẹ́nu ọ̀nà.”

Ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ní lẹ́tà gàdàgbà, ni pé kí a wá sinmi láàárín àwọn igi Áfíríkà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ó ní, “Igi ló kọ. Igi a máa mumi. Bí kì í bá ṣe igi, kí ó pa ohun tó kọ rẹ́, màá lọ sílé lónìí.”

Àwọn tó ń rajà pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà ní òun á pe ọlọ́pàá. Ìgbà yẹn ni bàbá àgbà yíjú sí mi. Ó ní, “Mo rí ọwọ́ rẹ lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí tí wọ́n fi kó wọn wá. Ó ṣì wà lẹ́yìn ilé.” Kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń kọ àdírẹ́sì sára gbogbo lẹ́tà rẹ̀ sí Ìwó, ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi bó ṣe mọ ohùn mi. Kò bínú. Ó na kẹ́tù sí mi. “Gbà. Ìwọ náà bu díẹ̀ sí i.”

Mi ò gbà á. Gbogbo ojú ló wà lára mi, mo ń ro ọ́fíìsì, mo ń ro ọ̀gá mi. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Ó wò mí. Ó ní, “Ó dáa. Mo ti gbọ́.”

Kò dárúkọ ilé ìtajà yẹn mọ́ títí ó fi kú. Èmi náà ò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ wo ògiri tí wọ́n fẹ́ gbé àwòrán náà kọ́. Ọ̀pẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀, eruku ti bò wọ́n. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀, àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú kan, Mísítà Lírọ́ì, wò mí pẹ́. Ó ní, “Ìwọ ni ọmọ ọmọ bàbá oníkẹ́tù.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun gbọ́ pé ó ti kú, ó sì dun òun, torí àwọn ti mọ ara àwọn dáadáa.

Mo ní, “Báwo? Ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn nìkan ló wá.”

Ó ní, “Ọjọ́ mẹ́sàn-án kẹ̀? Láti ọdún méjì yìí, ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí a má rí i. Kì í kàn wọlé mọ́ ni.”

Ó mú mi gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, sí ìpẹ̀kun ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí. Kùkùté igi óòkù náà wà níbẹ̀. Ọ̀mùnú ti yọ yí i ká, ó ga dé ìbàdí mi, ewé tútù ló bò ó. Ẹnì kan sì ti mọ bíríkì yí i po, roboto, ó ga dé orúnkún, ó fi àyè sílẹ̀ níbì kan tí èèyàn lè gbà wọlé. Bíríkì ràkọ̀ràkọ̀ ni. Mo mọ̀ wọ́n. Àwọn tó wà nínú àgbàlá wa ni, tí bàbá mi ń dúpẹ́ pé wọ́n ń dín kù.

Mísítà Lírọ́ì ní, “Méjì ló ń gbé nínú báàgì lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú kẹ́tù yẹn. Mo bi í nígbà kan pé kí ló ń kọ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò pọ̀. Ó ní, ‘Ṣọ́ọ̀bù mi.’”

Ó wá sọ fún mi pé nígbà ìwọ́wé, wọ́n fẹ́ da ọ̀dà bo ibẹ̀, kí ọkọ̀ púpọ̀ sí i lè rí ibi dúró.

Mo sunkún lórí tíréènì, mi ò ní purọ́. Mo sunkún torí ó ti ń rin ìrìn yẹn ní ọjọ́ orí rẹ̀, bíríkì lọ́wọ́, tí èmi tí mo mọ ọ̀nà náà jù kò bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ Sátidé mo padà lọ, èmi àti kẹ́tù aláwọ̀ ewé. Mo wọlé, mo bu omi nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, mo gbé e kọjá níwájú ọ̀pẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé, mo gba ibi tó fi sílẹ̀ wọlé, mo bu díẹ̀ sí i.

Mo ti fa ìwé ìyọ̀ǹda ya. Àwòrán rẹ̀ á dúró nílé wa. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, màá gbé èsì lẹ́tà wọn sórí tábìlì ọ̀gá mi, ohun tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ mi ṣe, kó fi ṣe é. Gbólóhùn mẹ́ta ni wọ́n ní kí n kọ. Mo ti kọ ọ́, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tí bàbá àgbà mọ̀:

Rájí Àjàní kò kọ́ gbọ̀ngàn yìí. Èyí tó kọ́ wà lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹ ti gé igi. Ó ti ń hù padà, ẹ bu omi sí i.